Àwòrán Pupa Tí Bàbá Wa Sin Sẹ́yìnkùlé

Bàbá wa kú tán, omijé ò tíì gbẹ lójú wa tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Lórí ibi tí a máa sin ín sí ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti bí i, ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá gbé òkú àwọn. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún gbogbo wa, ó sọ ọ́ títí ó fi sú wa, pé Ìdànrè ni kí a sin òun sí, lẹ́yìnkùlé ilé tó kọ́ sí Òdòdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káyọ̀dé ọmọ rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Káyọ̀dé ò sí lẹ́yìnkùlé. Àwòrán ni Bàbá wa sin síbẹ̀. Àwòrán Ìdànrè ni, tí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa ní yà láti òkè, Káyọ̀dé sì wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn to sátẹ́láìtì náà.

Èmi ni Fúnkẹ́. Bàbá mi, Báyọ̀, ni àkọ́bí Bàbá wa, Bọ̀dá Káyọ̀dé sì ni àbíkẹ́yìn. Àwọn méjèèjì náà ló bí. Ọwọ́ Bàbá wa ni mo ti dàgbà, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ ìbínú nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tó ti lọ ni àwọn èèyàn ti ń sọ fún mi pé ikú àgbà ni, pé ká ṣọpẹ́. Mo gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọpẹ́ kó lọ ṣe é. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo ṣì máa ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí n tó rántí.

Lébìrà ni Bàbá wa nígbà tó wá sí Ìdànrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, oko kòkó onílẹ̀ kan ní Atosin ló ń bá wọn ro. Nígbà tó yá, onílẹ̀ yẹn ya apá kan fún un pé kó máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n jọ máa pín èso ibẹ̀. Ó ní òun ò ní pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wá náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́yàwó síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀, ó sin ìyàwó síbẹ̀, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní àlejò. Àwọn òkúta ńláńlá tó yí ìlú ká ò fìgbà kan dùn mọ́ ọn nínú. Á jókòó síwájú ilé, á wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin, á ní wọ́n dúró lé òun lórí bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Ó kọ́ ilé kejì sí Ìkìrun nítorí ọjọ́ ikú. Ó mú wa lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, kí Bọ̀dá Káyọ̀dé tó lọ sókè òkun, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ pálọ̀, ó ní, "Ibí yìí ni kí ẹ gbé mi sí. Mi ò fẹ́ sùn sílẹ̀ onílẹ̀."

Ẹ wá rí ọkùnrin tó sọ bẹ́ẹ̀ tó wá di ẹni tí kò gbà kí wọ́n gbé òun kọjá Àkúrẹ́.

Ẹnu Bàbá wa mú bí abẹ. Kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò wa kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ kòkó tó sá, ó yan ọkùnrin náà lódì títí ọkùnrin náà fi kú, ó sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ó sunkún ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Kì í gba ohunkóhun gbọ́ títí á fi fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Bí kòkó bá wà lórí ẹní lóòrùn, tí a bá ní, "Bàbá, ó ti gbẹ," á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, á fún un. Bó bá ró pàkàpàkà, á jẹ́ kí a kó o sínú àpò. Bí kò bá ró, á dà á padà, á wò wá bí ọ̀lẹ. Gbólóhùn tó máa ń sọ nìyí: "Ohun tí kò bá tíì dún, kò tíì gbẹ."

Bọ̀dá Káyọ̀dé nìkan ló lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kó sì rẹ́rìn-ín. Ó kàwé, ó mọ̀ ọ́n. Ìjọba mú un mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rán lọ sílùú òyìnbó kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sátẹ́láìtì, kí wọ́n sì bá wọn ṣe tiwa. Ó máa ń pe fóònù bàbá mi lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wa á pé jọ lẹ́yìn ìsìn. Mo rántí ọjọ́ tí Bàbá wa bi í pé kí gan-an ni nǹkan náà wúlò fún.

"Bàbá, ó máa ń wo ayé láti òkè, á wá ya ohun tó bá rí."

"Ta ló rán an ní iṣẹ́ amí?"

"Kì í ṣe amí, Bàbá. Oko ló máa wò, àti odò, àti ibi tí iná bá ti jó igbó, àti ibi tí àgbàrá bá ti wọ ilé àwọn èèyàn."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju fíríìjì lọ."

Bàbá wa yí ojú sí wa, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun lọ sókè òkun lọ kan fíríìjì. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu. "Ṣé ó máa rí wa?"

"Ó máa rí Ìdànrè, Bàbá."

"Kó má wò wá lójú oorun o. Sọ fún un pé mo kí i."

Òkun ló gbé Bọ̀dá Káyọ̀dé. Ọjọ́ ìsinmi ni, òun àti àwọn kan lọ wẹ̀, omi fà á lọ. Wọ́n wá a, wọ́n wá a, wọn ò rí i. Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lórí sátẹ́láìtì náà nígbà yẹn. Ẹni tó wá sọ fún wa kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ń yí i po títí Bàbá wa fi ní kó jókòó, kó mu omi, kó sì sọ ọ́.

Ní ilẹ̀ wa, bí èèyàn bá kú sọ́nà jíjìn tí kò ṣeé gbé wálé, wọ́n á gé díẹ̀ nínú irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á gbé ìyẹn wálé, wọ́n á sì sin ín bí òkú. Òkun ò fún wa ní irun, kò fún wa ní èékánná. Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa, pé ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo rí Bàbá wa tó ń dìde nídìí oúnjẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ni mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi ní tirẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Tíṣà ni, ẹni tó máa ń rò ó dáadáa kó tó sọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n lórí èyí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ó ní wọn ò rí òkú, nítorí náà kò sí òkú. Ó ní omi lè gbé èèyàn dé èbúté mìíràn, orí rẹ̀ lè dàrú, ó lè má mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè wà níbì kan. Bí nọ́ńbà òkè òkun bá pe fóònù rẹ̀, á sáré jáde lọ gbé e. Mo ti rí i nínú kíláàsì, níbi tó ti ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tó sáré jáde, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín. Ó padà wọlé, ó mú ṣọ́ọ̀kì náà, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Wòlíì ìjọ wa náà tún wá fi kún un. Aláàdúrà ni wá, a máa ń gba ìran gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Wòlíì dìde, ó ní òun rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú aṣọ funfun, ó ń rìn bọ̀ láti etí omi, kí ìdílé kan má ṣe sọ ìrètí nù. Gbogbo ìjọ ké hòsánnà. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú pẹpẹ. Bàbá wa dìde láàrin èrò, ó tún okùn sùtánà rẹ̀ dì, ó rìn lọ bá Wòlíì, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní, "Wòlíì, ẹ dákun, ẹ má fi ìran tù mí nínú." Ó jáde. Ó pẹ́ kó tó padà sí ìjọ, ìgbà tó sì padà, ẹ̀yìn ló ń jókòó.

Nígbà tí rédíò sọ pé sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tiwa ti gòkè, Bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí ẹní. Àwọn aládùúgbò rọ́ wá. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti ṣe bẹbẹ, pé orúkọ rẹ̀ ò ní parẹ́. Àwọn kan ń kí i kú oríire, àwọn kan ń kí i kú àmúmọ́ra, wọn ò mọ èwo ni kí wọ́n sọ. Ó tẹ́tí sí rédíò náà títí wọ́n fi bọ́ sórí ìròyìn mìíràn. Kò wo òkè. Ó ní, "Ẹ bá mi kó kòkó yìí, òjò ń bọ̀."

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hàdíízà ló mú àwòrán náà wá. Òun àti Bọ̀dá Káyọ̀dé ni wọ́n jọ lọ kọ́ iṣẹ́. Ọmọ Haúsá ni, Àbújá ló ti wá, kò gbọ́ Yorùbá, bàbá mi ló ń túmọ̀. Ó fa àwòrán náà yọ nínú ike gígùn, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ife tẹ àwọn igun rẹ̀. Pupa ni. Gbogbo igbó, gbogbo oko kòkó, pupa fòò. Àwọn òkúta wa nìkan ló rí bí eérú láàrin rẹ̀.

Bàbá wa fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ta ló ta ẹ̀jẹ̀ sí i?"

Àǹtí Hàdíízà ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ní ojú sátẹ́láìtì yẹn kì í ṣe irú ojú tiwa, pé ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ewé máa ń dá padà tí àwa ò lè rí, sátẹ́láìtì ń rí i, wọ́n sì fi àwọ̀ pupa ṣe àmì fún un. Ibi tó bá pupa jù lọ ni ewé ti yè jù lọ. Bàbá wa ní kó fi oko òun ní Atosin han òun. Obìnrin náà fi orí ìka tọ́ ibì kan, ó ní kí wọ́n má bínú, pé àmì tó kéré jù lọ nínú àwòrán náà fẹ̀ ju ilé tí a jókòó sí lọ, kò lè rí èèyàn. Ó ní kùrukùru ò fẹ́ ṣí lórí Ìdànrè, pé ọ̀pọ̀ àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ dà nù, kí èyí tó mọ́ yìí tó bọ́ sí i.

"Káyọ̀dé ńkọ́? Èwo ló ṣe níbẹ̀?"

"Kámẹ́rà," ni Àǹtí Hàdíízà wí. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ló di àwọn nọ́ọ̀tì kámẹ́rà tó ya àwòrán yìí.

Bàbá wa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwòrán náà. Ọwọ́ rẹ̀ bo gbogbo Ìdànrè mọ́lẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé òun ló rí wa." Bàbá mi ò lè túmọ̀ ìyẹn fún àlejò. Ó dìde, ó bọ́ síta.

Ìyẹn ni Bàbá wa fi ṣe irun, tó fi ṣe èékánná. Ó ní kí bàbá mi gbẹ́ ilẹ̀, nítorí òbí kì í sin ọmọ, wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kí bàbá mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó ṣe é. Bàbá mi ní òun ò gbẹ́. Ó ní, "Bàbá, bébà lẹ fẹ́ sin. Àbúrò mi ò tíì kú." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá wa gbé ọkọ́, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá rò pé oògùn ló ń rì. Àwọn àgbà kan wá, wọ́n ní èèwọ̀ ni, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ó fi sùtánà rẹ̀ tó dára jù wé àwòrán náà, ó gbé e sínú ilẹ̀, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ tán pátá, ó sì fi símẹ́ńtì tẹ́ orí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí mo ń da omi sí i fún un, ó sọ fún bàbá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìwọ ló kàn. O kọ̀, ni mo fi gbẹ́ ẹ."

Bí ìjà wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì tán mọ́. Bàbá mi á gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró sórí símẹ́ńtì yẹn gan-an, bí ẹni pé kò sí ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá wa á gbé ọ̀pá sí i. Arúgbó á máa lé tíṣà kiri ẹ̀yìnkùlé, èmi á sì rẹ́rìn-ín títí, torí mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ohun tí Bàbá wa ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kan tó kù jókòó ti òun, kí wọ́n jọ sunkún èkejì. Ó fi oríkì mi pè mí, ó sọ ọ́ fún mi lójú oko, níbi tí a ti ń fọ́ kòkó: "Àjọkẹ́, mo ń dá ọ̀fọ̀ Káyọ̀dé ṣe."

Òrùlé ilé wa náà di ìjà. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ó ń jò, a máa ń gbé abọ́ kiri inú ilé bí òjò bá dé. Bàbá mi ra páànù tuntun aláwọ̀ búlúù. Bàbá wa ní kò sẹ́ni tó máa gun òrùlé òun. Ó ní páànù tó dípẹtà yẹn ni Káyọ̀dé mọ̀, òun ni sátẹ́láìtì Káyọ̀dé sì rí, bí wọ́n bá wá yí i padà, kí ló fẹ́ fi mọ ilé? Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí pé wọ́n ní kò lè rí ilé." Ó gbé abọ́ kan sábẹ́ ibi tó ń jò. "Bí kò bá rí i, èmi rí i."

Fóònù mi ni mo ti kà á pé sátẹ́láìtì náà ti dákẹ́, pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé, ó tilẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn mìíràn ti wà lókè tí wọ́n gba ipò rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ó bi mí pé, "Níbo ni wọ́n gbé e sí?"

"Ó ṣì wà lókè, Bàbá. Ó ń yí ayé po."

"Òkú?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ló tán."

"Wọn ò ní lọ gbé e?"

Mo ní rárá, pé yóò máa rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lè pẹ́ gan-an, yóò sì jóná lójú ọ̀nà kó tó dé ilẹ̀. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó gbá ewé kúrò lórí símẹ́ńtì, ewé tún já bọ́, ó tún gbá a. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Òun náà ò ní ojú oórì."

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó rù débi pé mo lè gbé e. Orí rẹ̀ pé títí dé òpin. Mo bi í léèrè ohun tí mo ti fẹ́ bi í láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ mọ̀ pé kò sí níbẹ̀?"

Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí bí kòkó kò bá tíì gbẹ. "Ṣé o rò pé orí mi dàrú ni? Mo mọ̀ pé bébà ni. Ibi tí mo ti lè pe orúkọ rẹ̀ ni mo ń wá." Ó sinmi díẹ̀. "Ẹ má gbé mi lọ sí Ìkìrun. Bí mo bá kúrò, Báyọ̀ máa wú u jù nù." Ó tún sinmi. "Ṣé Báyọ̀ ti gbà?"

Mo ní kò tíì gbà. Bàbá mi wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ wa. Kò wọlé. Bàbá wa kú kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó tán.

Àwọn ará Ìkìrun dé pẹ̀lú mọ́tò. Àbúrò Bàbá wa, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ṣíwájú wọn. Ó sunkún tán, ó jókòó, ó ní, "Báyọ̀, ilé wà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ gbá ibẹ̀ hàn wá. Ṣé àjò lẹ fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n mi sí?" Mo là á mọ́lẹ̀ pé ó ti yí ọ̀rọ̀ yẹn padà, pé mo fi etí mi gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé ọmọ tó ni òkú wà níbẹ̀. Gbogbo wa wá ń wo bàbá mi. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé Bàbá wa lọ sí Ìkìrun, ẹ̀yìnkùlé á padà di ẹ̀yìnkùlé lásán, Bọ̀dá Káyọ̀dé á sì tún máa rìn kiri etí omi kan lókè òkun. Bí a bá sin ín síbí, kò sí nọ́ńbà òkè òkun kankan tí yóò tún lè sáré gbé mọ́.

Bàbá mi wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Ìdànrè ni."

Bàbá Kékeré ní, "Nítorí bébà?"

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wá gbẹ́ ilẹ̀ láàárọ̀. Òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, iṣẹ́ náà le. Nígbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé àyà, ẹ̀gbẹ́ kan kò gbà wọ́n mọ́. Ọ̀kan nínú wọn gbé dígà, ó wo símẹ́ńtì tó wà lápá ọ̀tún, ó ní, "Tíṣà, ṣé ká fọ́ eléyìí kúrò, kí ọwọ́ wa lè fẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀?"

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò náà pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó sì fi ara rẹ̀ dí ẹ̀gbẹ́ símẹ́ńtì. Ó ní, "Àbúrò mi ni. Ẹ rọra."

Ó sọ ọ́ tán, ó bú sígbe. Igbe tó ké, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ, Bàbá Kékeré náà sáré jáde. Bàbá wa nìkan, tó ti ń dúró de gbólóhùn yẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ni kò gbọ́. Ó wà nínú pósí ní pálọ̀.